Àtúnwá Lójú Wa àti Lójú Àwọn Ará Íńdíà

Àwọn àgbà a máa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn àwọn ẹlòmíràn ni a fẹ́ sọ. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣì í sọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi gan-an ti ṣì í sọ rí.

Ní ọjọ́ kan, ní Iwopin létí ọ̀sà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa orúkọ àwọn Yorùbá. Nígbà tí a dé orí Babátúndé àti Yétúndé, mo ṣàlàyé pé àwọn baba wa gbà pé òkú àgbà a máa padà wá sí ilé rẹ̀ nípa ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni mo fi kún un pé, "Kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn ará Íńdíà pẹ̀lú gbà bẹ́ẹ̀; ohun kan náà ni àwa àti àwọn gbàgbọ́." Mo rò pé mo ti sọ òtítọ́ tán. N kò mọ̀ pé ìdajì òtítọ́ ni mo sọ.

Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Sà, mo kà á nínú ìwé pé àwọn ará Íńdíà a máa gbàdúrà kí wọ́n má tún padà wá mọ́. Wọ́n ní ìyà ni." Kí n tó dá a lóhùn, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Yétúndé náà dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí àtúnwá bá jẹ́ ìyà, ǹjẹ́ ìyà ni èmi jẹ́ fún ilé bàbá mi? Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá bàbá mi ni wọ́n bí mi."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, mo sì padà lọ sí ìdí ìwé mi. Ohun tí mo rí kọ́ ni ẹ ó kà yìí.

Kí a tó wọ inú ẹ̀kọ́ náà, ó yẹ kí á mọ̀ pé ilẹ̀ Íńdíà kò jìnnà sí wa tó bí a ti ń rò. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ń ná lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ti inú òkun tí ó yí erékùṣù Maldives ká wá, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó ni ó kó o kọjá òkun kí ó tó gúnlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Chellaram, tí í ṣe ti àwọn oníṣòwò Híńdù, bẹ̀rẹ̀ òwò ní Èkó. Láti 1943 títí di 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, tí àwọn Yorùbá wà lára wọn, gba Íńdíà kọjá lọ jagun ní Bọ́má, ilẹ̀ tí a ń pè ní Myanmar lónìí, níbi tí àwọn ilé ìsìn Búdà ti pọ̀ káàkiri ìlú àti abúlé. Ní Gánà, tí kò jìnnà sí wa, ọkùnrin kan tí a bí ní Senya Beraku ní 1937 lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Híńdù ní Rishikesh. Ní 1975 a fi í jẹ swami, èyí ni olùkọ́ ẹ̀sìn tí ó ti kọ ohun ayé sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì di Swami Ghanananda Saraswati. Ó dá ilé ìsìn sílẹ̀ ní Àkrá, àwọn ọmọ Gánà sì ń jọ́sìn níbẹ̀. Ó kú ní 2016. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́ ni a ń sọ. Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò wa ni.

Ẹ̀sìn Híńdù

Ẹ̀sìn Híńdù kò ní olùdásílẹ̀ kan ṣoṣo. Ó dà bí ọ̀sà tí odò púpọ̀ ń ṣàn sínú rẹ̀: odò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ àti orísun tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀sà, omi kan náà ni wọ́n dà. Àwọn tí ń ṣe é lónìí ju 1,000,000,000 lọ, Íńdíà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ń gbé. Ìwé mímọ́ wọn tí ó lọ́jọ́ lórí jù ni Veda mẹ́rin. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún, ẹnu ni àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní Veda, ọmọ a sì kọ́ ọ sórí láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí bí babaláwo ti ń kọ́ ọmọ awo ní ẹsẹ Ifá yóò mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́.

Bí a bá wọ ilé ìsìn wọn, a ó rí ère púpọ̀. A ó rí Vishnu tí ń pa ayé mọ́. A ó rí Shiva tí ń tú ayé ká kí ó lè di ọ̀tun. A ó rí Lakshmi tí ń fúnni ní ọrọ̀, àti Ganesha, tí orí rẹ̀ jẹ́ orí erin, tí wọ́n ń ké pè kí wọ́n tó dáwọ́ lé iṣẹ́ tuntun. Ẹni tí kò bá bèèrè yóò wí pé ọlọ́run wọn kò lóǹkà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn amòye wọn kọ́ni pé ohun kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Brahman. Brahman kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Òun ni gbòǹgbò ohun gbogbo tí ó wà.

Nínú ìwé àtijọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Chandogya Upanishad, baba kan fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà da iyọ̀ sínú omi ní alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kí ó mú iyọ̀ náà wá. Ọmọ náà wá iyọ̀ títí, kò rí i. Baba ní kí ó tọ́ omi náà wò ní òkè, kí ó tọ́ ọ wò ní àárín, kí ó sì tọ́ ọ wò ní ìsàlẹ̀. Ibi gbogbo ni ó níyọ̀. Nígbà náà ni baba kọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun tí ojú kò rí ṣe wà nínú ohun gbogbo, ó sì wà nínú ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bu omi òkun sẹ́nu rí yóò mọ ohun tí baba yìí ń wí.

Ohun tí ó wà nínú ènìyàn yìí, tí kì í kú, ni wọ́n ń pè ní Atman. Àwọn kan nínú olùkọ́ wọn ní Atman àti Brahman jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn mìíràn ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé ikú kò lè pa Atman. Bí ara bá kú, Atman a bọ́ ọ sílẹ̀ bí aṣọ tí ó gbó, a sì wọ ara mìíràn. Ó lè jẹ́ ara ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ara ẹranko. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi í jẹ ẹran rárá, tí wọ́n sì ń sọ pé kí á má ṣe ẹ̀dá alààyè kankan ní ibi.

Irú ara wo ni Atman yóò wọ̀? Ìṣe ènìyàn ni yóò sọ, èyí sì ni wọ́n ń pè ní karma. Yorùbá ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí a bá da eérú ní òwúrọ̀, ó lè tọ̀ wá lọ́sàn-án. Lójú àwọn Híńdù, ó tún lè jẹ́ ní ayé tí ń bọ̀ ni yóò tó tọ̀ wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra: karma kì í ṣe àyànmọ́ tiwa. Àwọn baba wa ní ènìyàn yan orí rẹ̀ ní ọ̀run kí ó tó délé ayé. Àwọn Híńdù ní ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń fi ìwà àti ìṣe rẹ̀ hun èyí tí yóò wọ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Bíbí, kíkú, àti àtúnbí yìí a máa yí po bí kẹ̀kẹ́. Samsara ni orúkọ rẹ̀. Ìfẹ́ tí ó ga jù lọ ní ọkàn Híńdù ni pé kí ó ní ọjọ́ kan bọ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ náà, kí ó sì ní ìdáǹdè, èyí tí wọ́n ń pè ní moksha. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kò dé moksha. Àwọn kan ń gba ọ̀nà ìmọ̀ lọ. Àwọn kan ń gba ọ̀nà iṣẹ́ tí a ṣe láìretí èrè. Àwọn kan, tí wọ́n pọ̀ púpọ̀, ń gba ọ̀nà ìfẹ́ àti ìjọsìn. Gbogbo wọn ni ó sì gbọ́dọ̀ pa dharma mọ́, èyí ni ojúṣe olúkúlùkù àti ìwà tí ó tọ́.

Kò yẹ kí olùkọ́ fi àbùkù pamọ́ fún ọmọ. Láti ìgbà àtijọ́ ni a ti ń pín àwọn ènìyàn ilẹ̀ Íńdíà sí ipò gẹ́gẹ́ bí ìdílé tí a bí wọn sí. Àwọn kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí àwọn yòókù kì í fẹ́ fi ara kàn. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ a máa wí pé karma wọn ni ó fa á. Ọ̀pọ̀ Híńdù, bí Gandhi, kọ ọ̀rọ̀ sí ìwà yìí, òfin ilẹ̀ Íńdíà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 26 January 1950 sì sọ ọ́ di èèwọ̀. Síbẹ̀ ìwà náà kò tíì tán nílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó dára lè di pàṣán lọ́wọ́ alágbára; kò sì sí ẹ̀sìn kan, títí kan tiwa, tí irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí rí.

Ẹ̀sìn Búdà

Ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, a bí ọmọkùnrin kan ní Lumbini, ní ilẹ̀ tí ó di Nepal lónìí. Siddhartha Gautama ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn sọ pé ọmọ ọba ni, àti pé baba rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí ohun ìbànújẹ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde, ó rí arúgbó, ó rí aláìsàn, ó rí òkú tí wọ́n ń gbé lọ. Lẹ́yìn náà ni ó rí ẹni tí ó ti fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ láti wá òtítọ́. Láti ọjọ́ náà ni oorun ààfin kò ti dùn mọ́ ọn. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 29, ó fi ìyàwó, ọmọ, àti ọrọ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń fi ebi pa ara rẹ̀, títí eegun rẹ̀ fi yọ síta. Nígbà tí ó rí i pé ebi kò fúnni ní ọgbọ́n, gẹ́gẹ́ bí àjẹkì kò ti fúnni, ó yan ọ̀nà àárín. Ó jókòó sábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya, ó ronú títí ojú rẹ̀ fi là. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè é ní Búdà, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó jí. Ní Sarnath ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ni.

Búdà kọ́ni bí oníṣègùn. Oníṣègùn a kọ́kọ́ sọ àrùn. A sọ ohun tí ó fa á. A sọ bóyá ó ṣeé wò. Lẹ́yìn náà ni yóò tó fúnni ní oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ mẹ́rin rẹ̀ ṣe lọ. Èkíní, ìyà wà nínú ayé: ìbí, ogbó, àìsàn, àti ikú, àti pípàdánù ohun tí a fẹ́ràn. Èkejì, òùngbẹ ọkàn ni ó fa ìyà, èyí ni ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọkàn sinmi. Ẹ̀kẹta, ìyà lè tán bí òùngbẹ náà bá tán. Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà kan wà tí a ó tọ̀, ó sì ní ẹ̀ka mẹ́jọ: òye tí ó tọ́, ìpinnu tí ó tọ́, ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, ìṣe tí ó tọ́, iṣẹ́ òòjọ́ tí ó tọ́, ìsapá tí ó tọ́, ìkíyèsára tí ó tọ́, àti àṣàrò tí ó tọ́.

Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Búdà a máa sọ ìtàn obìnrin kan tí ń jẹ́ Kisa Gotami. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kú, ó sì gbé òkú náà kiri, ó ń wá ẹni tí yóò jí i. Ó dé ọ̀dọ̀ Búdà. Búdà ní kí ó lọ tọrọ wóró músítádì wá, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ láti ilé tí ẹnikẹ́ni kò kú rí. Obìnrin náà ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ilé gbogbo ni ó ní músítádì. Kò sí ilé kan tí kò ní òkú. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti mọ ohun tí Búdà fẹ́ kí ó mọ̀. Ó lọ sìnkú ọmọ rẹ̀, ó sì di ọmọ-ẹ̀yìn.

Búdà gba karma gbọ́, ó sì gba samsara gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ibi kan, ó yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn Híńdù. Ó ní kò sí Atman kan nínú ènìyàn tí kì í yí padà. Àwa yóò bèèrè pé, "Bí kò bá sí ohun tí ń kọjá láti ara kan sí èkejì, kí ni ó wá ń tún ayé wá?" Àwọn olùkọ́ wọn a máa fi àtùpà dáhùn. Bí a bá fi iná àtùpà kan tan òmíràn, ǹjẹ́ iná kan náà ni? Kì í ṣe òun gan-an. Kì í sì í ṣe òmíràn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ayé kan ṣe ń tan òmíràn, karma sì ni ó ń gbé iná náà kọjá. Nígbà tí epo òùngbẹ bá tán, iná a kú, ọkàn a sì balẹ̀. Kíkú iná yìí ni nirvana túmọ̀ sí.

Búdà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀kọ́ òun mú fún ìgbéraga. Ó fi í wé àwọn igi tí a so pọ̀ láti fi la odò kọjá. Ẹni tí ó ti dé òdìkejì kò ní gbé e rù mọ́. Yóò fi í sílẹ̀ létí omi, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Èyí kò lè ṣòro fún ọmọ Iwopin. Ta ni nínú wa tí ó fi ọkọ̀ ojú omi dé ọjà, tí ó tún gbé ọkọ̀ náà lé orí wọ inú ọjà?

Ní nǹkan bí 260 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ọba Ashoka ti ilẹ̀ Íńdíà ṣẹ́gun ilẹ̀ Kalinga. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kí á fín in sára òkúta pé 100,000 ènìyàn ni a pa nínú ogun náà, àti pé ó dun òun. Ó gba ọ̀nà Búdà, ó sì rán àwọn olùkọ́ lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Lónìí, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Búdà ju 300,000,000 lọ. Ẹ̀ka Theravada ni ó gbilẹ̀ ní Sri Lanka, Myanmar, àti Thailand. Ẹ̀ka Mahayana ni ó gbilẹ̀ ní Ṣáínà, Jàpáánù, àti Kòríà. Ní ilẹ̀ Íńdíà fúnra rẹ̀, ẹ̀sìn náà ti rẹ̀yìn púpọ̀, ṣùgbọ́n ní 14 October 1956, B. R. Ambedkar, tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ òfin ilẹ̀ Íńdíà, tí òun náà sì jẹ́ ọmọ ìdílé tí a kì í fi ara kàn, gba ẹ̀sìn Búdà ní ìlú Nagpur pẹ̀lú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn. Ó fẹ́ ọ̀nà tí a kì yóò ti bi ènìyàn léèrè ilé tí a bí i sí.

Èsì fún Yétúndé

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, mo padà sí kíláàsì, mo sì kọ orúkọ mẹ́rin sí ojú pátákó: Babátúndé, Yétúndé, Málọmọ́, Dúrójayé. Mo bèèrè ohun tí orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ. Wọ́n rò ó díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọmọ kan wí pé, "Sà, gbogbo wọn ni ó ń sọ nípa ẹni tí ó ti wá rí."

Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ni ó wà nínú méjì àkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ sì ni ó wà nínú méjì ìkẹyìn. Málọmọ́ àti Dúrójayé jẹ́ orúkọ àbíkú, ọmọ tí a bí tí ó kú, tí a tún bí tí ó tún kú. Lónìí, àwọn oníṣègùn ti fi hàn pé ibà àti àrùn foníkú-fọ̀ladìde ni ó pa púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn òbí àtijọ́ ń fẹ́: wọn kò fẹ́ kí ọmọ náà tún wá lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n fẹ́ kí lílọ àti bíbọ̀ náà dúró. Nítorí náà, àwa Yorùbá mọ àtúnwá méjì. Ọ̀kan wà tí a ń jó sí, ọ̀kan sì wà tí a ń sunkún lé lórí.

Ibí yìí ni mo ti ṣìnà nígbà tí mo wí pé ohun kan náà ni àwa àti àwọn ará Íńdíà gbàgbọ́. Bí a bá fẹ́ mọ bí samsara ti rí lójú Híńdù àti lójú ọmọ-ẹ̀yìn Búdà, kì í ṣe Yétúndé ni ó yẹ kí á rò. Àbíkú ni ó yẹ kí á rò. Lójú wọn, bí àbíkú ni gbogbo wa rí. A ń wá, a ń lọ, a tún ń wá, ẹkún ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹkún ìparí kò sì tán. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kan ṣì wà. Ní ilẹ̀ wa, ìyá àbíkú ni a ń káàánú. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí ń lọ tí ń bọ̀ gan-an ni a ń káàánú, nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì mọ bí yóò ti sinmi.

Àtúnwá ti Yétúndé yàtọ̀ pátápátá. Ìyá àgbà kò wọ ara àjèjì. Ilé ara rẹ̀ ni ó padà sí, láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn àwọn baba wa ni pé, "Ǹjẹ́ ilé yìí kò ní parun?" Yétúndé ni èsì. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn àwọn ará Íńdíà ni pé, "Nígbà wo ni arìnrìn-àjò yóò sinmi?" Moksha àti nirvana ni èsì. Ọ̀rọ̀ náà jọra, ṣùgbọ́n ohun tí a ń wá kò jọra.

Mo wí fún ọmọbìnrin náà pé, "Ìwọ kì í ṣe ìyà fún ẹnikẹ́ni. Ilé bàbá rẹ ń ṣọ̀fọ̀, orúkọ rẹ sì ni a fi tù wọ́n nínú. Àwọn ará Íńdíà kò bú orúkọ rẹ. Ìbéèrè mìíràn ni wọ́n ń dáhùn."

Ó ronú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyá àgbà fẹ́ràn ayé púpọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ìsinmi yẹn lọ̀ ọ́, n kò rò pé yóò gbà." Kíláàsì tún rẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rántí pé àwọn kan ti wá sí ilẹ̀ wa rí, tí wọ́n rí ère nínú ilé àwọn baba wa, tí wọ́n sì lọ kọ̀wé pé igi ni a ń bọ. Wọn kò bèèrè ohun tí àwọn baba wa ń wá nídìí ère náà. Àṣìṣe tiwọn ni pé wọ́n rí ìyàtọ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Àṣìṣe tèmi ni pé mo rí ìjọra, mo sì dúró síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiyín, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, ìbáà jẹ́ lọ́jà Èkó, ẹ má dúró sí orí ohun tí ojú rí. Ẹ bèèrè ohun tí àwọn tí ń ṣe é ń wá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbà á tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní pe àgbà ní wèrè.

Ìbéèrè

1. Kí ni olùkọ́ sọ ní kíláàsì tí ó fi wí pé ìdajì òtítọ́ ni?
2. Lo ìtàn iyọ̀ nínú omi láti ṣàlàyé ohun tí àwọn Híńdù ń pè ní Brahman.
3. Báwo ni karma ṣe yàtọ̀ sí àyànmọ́?
4. Ní ibo ni ẹ̀kọ́ Búdà ti yàtọ̀ sí ti àwọn Híńdù? Báwo ni ọ̀rọ̀ àtùpà ṣe là á yé wa?
5. Kí ni ìdí rẹ̀ tí òǹkọ̀wé fi ní kí á ronú nípa àbíkú bí a bá fẹ́ mọ samsara?
6. Bèèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ lọ́wọ́ àgbà kan nílé, kí o sì kọ àròkọ kan lórí ìbéèrè tí o rò pé orúkọ náà ń dáhùn.